2147483647: Báwo la ṣe mọ̀ pé práìmù ni, kí sì ni kọ̀ǹpútà ń fi í ṣe?

Ẹni tó bá ti ń kọ kóòdù fún ìgbà díẹ̀ yóò ti bá nọ́ńbà yìí pàdé: 2147483647. Ó lè jẹ́ inú tábìlì dátà ló ti rí i, níbi tí ọ̀pọ̀ ìlà ti gbé nọ́ńbà kan náà láìnídìí. Ó sì lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé ìdí tí aago inú àwọn kọ̀ǹpútà kan yóò fi dàrú ní ọdún 2038. Bó bá wádìí síwájú, yóò gbọ́ pé nọ́ńbà práìmù ni. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú, nítorí wọ́n máa ń rò pé torí pé ó jẹ́ práìmù ni kọ̀ǹpútà fi yàn án. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló pàdé lára nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ ká tú wọn níkọ̀ọ̀kan.

Nọ́ńbà práìmù, tí àwọn mìíràn ń pè ní nọ́ńbà àkọ́kọ́, ni odidi nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tí kò sí ohun tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. 7 jẹ́ práìmù. 15 kì í ṣe práìmù, nítorí 3 lọ́nà 5 ni. Wọ́n sábà máa ń béèrè ìdí tí 1 kò fi sí lára wọn. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tí a lè gbà fi práìmù kọ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan: 15 kò ní ju 3 lọ́nà 5 lọ. Bí a bá ka 1 mọ́ wọn, 15 á tún di 1 lọ́nà 3 lọ́nà 5, á tún di 1 lọ́nà 1 lọ́nà 3 lọ́nà 5, kò sì ní lópin. Òfin tí gbogbo ìmọ̀ nípa nọ́ńbà dúró lé á bàjẹ́ nìyẹn.

Bí a bá to gbogbo práìmù láti orí 2, tí a ń kà wọ́n bọ̀, ipò 105,097,565 ni 2147483647 yóò bọ́ sí. Díjíìtì mẹ́wàá péré ló ní, ó lé díẹ̀ ní bílíọ̀nù méjì. Lójú kọ̀ǹpútà òde òní, kékeré ni. Ṣùgbọ́n fún ohun tó lé ní ọgọ́rin ọdún, kò sí práìmù tó tóbi jù ú lọ tí ẹnikẹ́ni ní ẹ̀rí rẹ̀, ìwé àti kálàmù sì ni wọ́n fi rí ẹ̀rí tirẹ̀.

Ìrísí rẹ̀ ni àṣírí rẹ̀

Ẹ mú 2, ẹ máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: 2, 4, 8, 16, títí 2 mọ́kànlélọ́gbọ̀n yóò fi wọ inú ìṣirò náà. Èsì rẹ̀ ni 2147483648, tí a ń kọ ní 2³¹. Ẹ yọ 1 kúrò, ó di nọ́ńbà tiwa: 2³¹ − 1.

Nínú bí àwa ṣe ń kọ nọ́ńbà, láti 0 dé 9, ẹwà rẹ̀ kò hàn. Ṣùgbọ́n 0 àti 1 nìkan ni kọ̀ǹpútà fi ń kọ nọ́ńbà. Bí a bá yọ 1 kúrò nínú 1000, ó di 999. Lọ́nà kan náà, 1 tí òdo mọ́kànlélọ́gbọ̀n tẹ̀ lé, tí a bá yọ 1 kúrò nínú rẹ̀, á di 1 mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó tò gbọọrọ:

1111111 11111111 11111111 11111111

Àwọn nọ́ńbà tó rí báyìí ni a fi orúkọ Marin Mersenne pè, àlùfáà ará Faransé tó kọ àkójọ wọn jáde ní 1644. Ohun tó mú wọn ṣe pàtàkì ni pé ìrísí wọn ń sọ ohun púpọ̀ nípa àwọn nọ́ńbà tó lè pín wọn, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín rárá.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kékeré. Mú 1 mẹ́fà tó tò, 111111, èyí tó jẹ́ 63. Ó ṣeé pín sí ọ̀wọ́ méjì tó dọ́gba: 111 àti 111. Nítorí náà, 111, ìyẹn 7, gbọ́dọ̀ pín in láìṣẹ́kù, bí 999 ṣe ń pín 999999. Òótọ́ sì ni: 7 lọ́nà 9 jẹ́ 63. Bí iye 1 tó tò bá ti ṣeé pín sí ọ̀wọ́ tó dọ́gba, tí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní ju 1 ẹyọ kan lọ, nọ́ńbà náà kò lè jẹ́ práìmù. Iye 1 tó tò gan-an gbọ́dọ̀ jẹ́ práìmù. 31 jẹ́ práìmù, kò sì ṣeé pín sí ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà nọ́ńbà wa kọjá ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́.

Ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ nìyẹn o, ẹ má ṣe gbà pé ilé la ti wọ̀. 11 náà jẹ́ práìmù, síbẹ̀ 2¹¹ − 1 jẹ́ 2047, 2047 sì jẹ́ 23 lọ́nà 89. Pietro Cataldi, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Ítálì, fi ẹ̀rí hàn ní 1588 pé 2¹⁷ − 1 àti 2¹⁹ − 1 jẹ́ práìmù. Ó wá sọ pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún 23, 29, 31 àti 37. Mẹ́ta nínú mẹ́rin yẹn kò tọ̀nà. Ní 1640 Pierre de Fermat, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, fi hàn pé 47 pín 2²³ − 1 àti pé 223 pín 2³⁷ − 1. Ní 1738 Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Switzerland, fi hàn pé 233 pín 2²⁹ − 1. 31 nìkan ló kù. Cataldi gba ohun tó tọ̀nà nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rí, nínú ìṣirò ẹ̀rí sì ni ọ̀rọ̀. Mersenne náà fi 67 àti 257 sínú àkójọ tirẹ̀, wọn kì í sì í ṣe práìmù. Ó fo 61, 89 àti 107, wọ́n sì jẹ́ práìmù.

Bí Euler ṣe dín iṣẹ́ náà kù

Ní 1772 ni Leonhard Euler gbé ẹ̀rí náà jáde pé 2³¹ − 1 jẹ́ práìmù. Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán nígbà náà. Ọ̀nà tó gbà ló yẹ ká dúró lé lórí dáadáa, nítorí òun ló fi ìyàtọ̀ hàn láàárín wíwá nǹkan kiri àti mímọ ibi tí nǹkan náà kò lè sí.

Ká ní a fẹ́ ṣe é lọ́nà tó rọrùn láti rò: kí a máa fi nọ́ńbà kan tẹ̀ lé òmíràn pín 2147483647 títí a ó fi rí èyí tó pín in, tàbí títí gbogbo wọn yóò fi tán. Kò pọn dandan láti dé òpin. Olùpín kì í dá wà: bí ọ̀kan bá pín nọ́ńbà kan, èsì rẹ̀ náà pín in. Nínú irú méjì bẹ́ẹ̀, èyí tó kéré kò lè ju nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, yóò fún wa ní nọ́ńbà tí à ń yẹ̀ wò. 46340 lọ́nà 46340 jẹ́ 2147395600, kò tíì dé ibẹ̀. 46341 lọ́nà 46341 jẹ́ 2147488281, ó ti kọjá. Nítorí náà, bí a bá dé 46340 láìrí olùpín kankan, a ti parí. Àwọn tó máa ń bá ìṣirò náà lọ dé ìdajì nọ́ńbà náà ń fi àkókò ṣòfò lásán.

Bákan náà, kò pọn dandan láti fi gbogbo nọ́ńbà pín, práìmù nìkan ti tó, nítorí ohun tí 3 kò bá pín, 9 kò lè pín in. Ṣùgbọ́n práìmù tó wà ní ìsàlẹ̀ 46340 jẹ́ 4792. Ìpín ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú ọwọ́, kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn yóò ṣe láìṣìṣe.

Euler wá lo asẹ́ méjì láti yọ àwọn nọ́ńbà tí kò lè pín in kúrò. Asẹ́ àkọ́kọ́ dúró lórí àṣẹ́kù. Ẹ jẹ́ ká fi 23 àti 2047 wò ó, kí ó lè hàn kedere. Ẹ máa sọ 2 di ìlọ́po méjì, bó bá ti ju 23 lọ, ẹ yọ 23 kúrò: 2, 4, 8, 16, 9, 18, 13, 3, 6, 12, 1. Ìgbésẹ̀ mọ́kànlá, a padà dé orí 1, àyípo náà yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti 2. Fermat ti sọ tipẹ́ pé gígùn irú àyípo báyìí máa ń wọ inú práìmù náà lẹ́yìn tí a bá yọ 1 kúrò nínú rẹ̀. 23 yọ 1 jẹ́ 22, 11 sì wọ inú 22 ní ìgbà méjì géérégé.

Nísinsìnyí, ká ní práìmù kan wà tó pín 2³¹ − 1. Ìtumọ̀ èyí ni pé bí a bá fi práìmù náà pín 2³¹, 1 ni yóò ṣẹ́kù. Àyípo 2 lábẹ́ práìmù yẹn yóò dé orí 1 ní ìgbésẹ̀ kọkànlélọ́gbọ̀n. Ṣé ó lè ti dé ibẹ̀ ṣáájú? Bó bá ti dé ibẹ̀ ṣáájú, iye ìgbésẹ̀ náà gbọ́dọ̀ pín 31 láìṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n 31 jẹ́ práìmù. 1 nìkan ló kù, ìyẹn pé 2 fúnra rẹ̀ yóò fi 1 sílẹ̀ ní àṣẹ́kù, èyí tí kò ṣeé ṣe. Nítorí náà, gígùn àyípo náà jẹ́ 31 gan-an, 31 sì gbọ́dọ̀ wọ inú práìmù náà yọ 1. Práìmù náà kò lè jẹ́ 2, nítorí náà bí a bá yọ 1 kúrò nínú rẹ̀, yóò ṣeé pín sí méjì. Ohun tó jáde ni pé olùpín èyíkéyìí gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 62, kí a fi 1 kún un.

Asẹ́ kejì: bí 2³¹ bá fi 1 sílẹ̀ ní àṣẹ́kù, 2³² yóò fi 2 sílẹ̀. 2³² sì jẹ́ 2¹⁶ lọ́nà ara rẹ̀. Èyí sọ pé lábẹ́ práìmù náà, a lè rí 2 nípa sísọ nọ́ńbà kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Irú práìmù tí èyí lè ṣẹlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, yàtọ̀ sí 2 fúnra rẹ̀, ni èyí tó fi 1 tàbí 7 sílẹ̀ nígbà tí a bá fi 8 pín in. Bí a bá da asẹ́ méjèèjì pọ̀, olùpín kankan tó bá wà gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 248 tí a fi 1 kún, tàbí ìlọ́po 248 tí a fi 63 kún.

Ẹ ka iye irú wọn tó wà ní ìsàlẹ̀ 46340: 186 nínú oríṣi àkọ́kọ́, 187 nínú oríṣi kejì tí a bá ka 63 fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 373, èyí tó pọ̀ jù lára wọn kì í sì í ṣe práìmù. Ẹ wo àwọn tó ṣíwájú. 63 jẹ́ 7 lọ́nà 9, ó jáde. 249 jẹ́ 3 lọ́nà 83, ó jáde. 311 jẹ́ práìmù, a gbọ́dọ̀ gbìyànjú rẹ̀: bí a bá fi pín 2147483647, ó ṣẹ́ku 35. 497 jẹ́ 7 lọ́nà 71, 559 jẹ́ 13 lọ́nà 43. Báyìí ni wọ́n ń jáde títí a ó fi dé 1303, tó jẹ́ práìmù, tó sì ṣẹ́ku 226. Ẹ ó rí i pé láàárín 1 sí 1303, ìpín méjì péré la ṣe, níbi tí ẹni tí kò ní asẹ́ yóò ti ṣe ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Nígbà tí Euler yọ dé òpin láìrí èyí tó pín in, ọ̀rọ̀ parí.

Ìdánwò tí kò nílò pínpín kiri

Ọ̀nà Euler dára fún 31. Fún 2¹²⁷ − 1, tó ní díjíìtì 39, kò sí ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ yóò gùn tó. Édouard Lucas, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, ló rí ọ̀nà mìíràn, ó sì fi dá nọ́ńbà yẹn mọ̀ ní 1876. D. H. Lehmer tún un ṣe ní nǹkan bí 1930. Ó ṣe kúkúrú débi pé ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ìṣirò lásán lè ṣe é.

Bẹ̀rẹ̀ láti 4. Sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, yọ 2 kúrò, fi nọ́ńbà Mersenne tí ò ń dán wò pín èsì, kí o sì mú àṣẹ́kù nìkan. Tún un ṣe. Iye ìgbà tí o gbọ́dọ̀ ṣe é ni agbára náà (nọ́ńbà kékeré tó wà lókè 2, bí 31 nínú 2³¹) yọ 2. Bó bá parí sí 0, práìmù ni. Bí kò bá parí sí 0, kì í ṣe práìmù. Fún 2⁷ − 1, ìyẹn 127, ìgbà márùn-ún ni: 4, 14, 67, 42, 111, 0. Práìmù ni 127. Fún 2047, ìgbà mẹ́sàn-án ni: 4, 14, 194, 788, 701, 119, 1877, 240, 282, 1736. Kò parí sí 0, nítorí náà kì í ṣe práìmù. Ẹ kíyè sí i pé ìdánwò náà kò dárúkọ 23 tàbí 89 fún wa rárá. Ó ń sọ bóyá olùpín wà, kì í sọ ẹni tó jẹ́.

Fún 2³¹ − 1, ìgbà 29 péré ni.

Àṣìṣe mẹ́ta ló wọ́pọ̀ níbí. Àwọn kan máa ń ka 4 ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ìgbésẹ̀, wọ́n á sì dúró ní ìgbésẹ̀ kan ṣáájú òpin, wọ́n á wá sọ pé práìmù kì í ṣe práìmù. Àwọn mìíràn máa ń fi àṣẹ́kù sílẹ̀ di ìparí, láìmọ̀ pé díjíìtì nọ́ńbà náà ń di ìlọ́po méjì ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ká ní a kò mú àṣẹ́kù rárá, lẹ́yìn ìgbésẹ̀ 29 nọ́ńbà náà yóò ní ju 300 mílíọ̀nù díjíìtì lọ. Ẹ̀kẹta ni kí a lò ó fún agbára 2. 2² − 1 jẹ́ 3, práìmù sì ni, ṣùgbọ́n agbára tó jẹ́ práìmù láti 3 lọ sókè ni ìdánwò yìí wà fún.

Àṣìṣe kẹrin wà tó jinlẹ̀ ju ìwọ̀nyí lọ. Àyẹ̀wò kan wà tí ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ ń kọ́ni, tó dúró lórí òfin Fermat: gbé 2 sí agbára nọ́ńbà náà yọ 1, bí àṣẹ́kù bá jẹ́ 1, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ práìmù. Fún àwọn nọ́ńbà Mersenne tí agbára wọn jẹ́ práìmù, àyẹ̀wò yẹn kò wúlò rárá, nítorí gbogbo wọn ló ń yege. 2047 náà ń yege. 2¹¹ fi 1 sílẹ̀ lábẹ́ 2047, 11 sì wọ inú 2046 ní ìgbà 186, nítorí náà 2²⁰⁴⁶ kò lè ṣe ohun mìíràn ju kó fi 1 sílẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí GIMPS, ìfọwọ́sowọ́pọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí George Woltman dá sílẹ̀ ní 1996 láti máa wá irú práìmù yìí, fi ń lo 3 dípò 2 nínú àyẹ̀wò àkọ́kọ́ wọn, kí wọ́n tó fi ìdánwò Lucas àti Lehmer jẹ́rìí sí i. Oṣù Kẹwàá 2024 ni wọ́n rí 2¹³⁶²⁷⁹⁸⁴¹ − 1, tó ní díjíìtì 41,024,320.

Peter Barlow, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kò retí irú èyí rárá. Práìmù Mersenne kọ̀ọ̀kan máa ń bí nọ́ńbà pípé kan, ìyẹn nọ́ńbà tí àròpọ̀ àwọn olùpín rẹ̀, yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀, bá a dọ́gba: 6 jẹ́ 1 àti 2 àti 3, 28 jẹ́ 1, 2, 4, 7 àti 14. Tiwa bí 2³⁰ lọ́nà 2147483647, tó jẹ́ 2305843008139952128. Ní 1811 Barlow kọ̀wé pé kò sí ẹni tí yóò tún rí èyí tó tóbi jù ú lọ, nítorí kò wúlò fún ohunkóhun.

Ìdí tí kọ̀ǹpútà fi ń dúró síbẹ̀

Ẹ jẹ́ ká wá yà sí apá kejì. Ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ń fi bíìtì 32, ìyẹn àyè 32 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 0 tàbí 1, tọ́jú odidi nọ́ńbà. Bíìtì kan ń sọ bóyá nọ́ńbà náà wà ní ìsàlẹ̀ òdo, ó ku 31. Nígbà tí gbogbo 31 bá jẹ́ 1, kò sí àyè mọ́, ibẹ̀ sì ni 2147483647. Kò sí ẹni tó wo práìmù kó tó yàn án. Ẹ wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bíìtì 8 dúró ní 127, práìmù ni. Bíìtì 16 dúró ní 32767, tó jẹ́ 7 lọ́nà 31 lọ́nà 151, nítorí 15 ṣeé pín sí ọ̀wọ́ tó dọ́gba. Bíìtì 64 dúró ní 9223372036854775807, tí 7 pín láìṣẹ́kù, nítorí 63 jẹ́ ìlọ́po 3. Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni pé 31 wà láàárín.

Aago tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ 1970 pẹ̀lú bíìtì 32 yóò kún ní 19 Oṣù Kìíní 2038, aago 03:14:07 UTC, ìyẹn aago àgbáyé. Ní ìṣẹ́jú-àáyá tó tẹ̀ lé e, nọ́ńbà náà yóò ṣubú sí −2147483648, ètò náà yóò sì gbà pé 13 Oṣù Kejìlá 1901 ni. Ìwòsàn rẹ̀ ni bíìtì 64. Nínú dátà, MySQL, ètò tí a fi ń tọ́jú dátà, bí a kò bá fi sí ipò líle (strict mode), máa ń gé nọ́ńbà tó tóbi jù kù sí 2147483647. Bí ẹ bá rí i ní ìlà púpọ̀ níbi tó yẹ kí nọ́ńbà fóònù wà, òpó náà ló kéré jù. Ẹ sọ ọ́ di BIGINT, ìyẹn oríṣi òpó bíìtì 64, tàbí kí ẹ tọ́jú nọ́ńbà fóònù bí ọ̀rọ̀, èyí tó dára jù. Ṣùgbọ́n àwọn nọ́ńbà tó ti gé kù kò ní padà wá, ẹ gbọ́dọ̀ tún wọn kó jọ láti orísun wọn.

Ibi tí jíjẹ́ práìmù rẹ̀ ti wúlò gan-an

Ibi kan wà tí a mọ̀ọ́mọ̀ lò ó nítorí pé ó jẹ́ práìmù: pípèsè nọ́ńbà tó dà bí èyí tó ṣe kòńgẹ́. Mú nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́, sọ ọ́ di ìlọ́po 16807, fi 2147483647 pín èsì, àṣẹ́kù ni nọ́ńbà tuntun. Láti orí 1, ohun tó ń jáde ni 16807, lẹ́yìn náà 282475249, lẹ́yìn náà 1622650073. Nínú èdè C++ orúkọ rẹ̀ ni minstd_rand0.

Nítorí pé práìmù ni, kò sí nọ́ńbà méjì tó kéré jù ú lọ, yàtọ̀ sí òdo, tí ìlọ́po wọn yóò bọ́ sí òdo. A kì í bọ́ sínú ihò. 16807 náà kì í ṣe èyí tí a ṣàdédé mú: 7⁵ ni. Àyípo 7 lábẹ́ práìmù yìí gùn tó bó ṣe lè gùn, ìgbésẹ̀ 2147483646, kí ó tó padà sí 1. Nọ́ńbà yẹn jẹ́ 2 lọ́nà 3 lọ́nà 3 lọ́nà 7 lọ́nà 11 lọ́nà 31 lọ́nà 151 lọ́nà 331. 5 kò sí nínú wọn, nítorí náà 7⁵ kò ba àyípo náà jẹ́. Ká ní 7² ni wọ́n lò, 2 wà nínú wọn, àyípo náà ì bá já sí ìdajì.

Ìṣòro tó wà ní kíkọ rẹ̀ ni pé ìlọ́po 16807 kò lè wọ inú bíìtì 32. Ẹ lo bíìtì 64. Bí kò bá sí, 2147483647 jẹ́ 16807 lọ́nà 127773, kí a fi 2836 kún un: ẹ fi 127773 pín nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́, ẹ sọ àṣẹ́kù di ìlọ́po 16807, ẹ sọ èsì ìpín di ìlọ́po 2836, ẹ yọ èkejì kúrò nínú àkọ́kọ́, bó bá bọ́ sí ìsàlẹ̀ òdo ẹ fi 2147483647 kún un. Kò sí ibi tí yóò ti ṣàn kọjá.

Ìrísí 1 tó tò tún jẹ́ kí a lè rí àṣẹ́kù láìpín rárá. Ẹ fi 31 kékeré wò ó, èyí tó jẹ́ 1 márùn-ún. Nínú ìkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà, 1000 jẹ́ 11111 01000. Ẹ gé e sí ọ̀wọ́ bíìtì márùn-ún, ó di 31 àti 8. Ẹ rò wọ́n pọ̀, 39. Ẹ yọ 31, ó ku 8, òun sì ni àṣẹ́kù. Fún 2147483647, ọ̀wọ́ bíìtì 31 ni ẹ ó gé e sí. Ẹ má gbàgbé ìyọkúrò tó kẹ́yìn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kóòdù ti ń ṣìnà.

Ẹ má ṣe lò ó fún ọ̀rọ̀ aṣínà tàbí ohun àṣírí kankan. Ẹni tó bá rí àṣẹ́kù kan ti mọ gbogbo èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ kéré jù fún kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú: kọ́kọ́rọ́ bíìtì 2048 ti RSA, ọ̀nà kan tí a fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ ní àṣírí, ń lo práìmù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí díjíìtì 308.

Ẹ má sì fi 0 bẹ̀rẹ̀, nítorí 0 ni yóò máa jáde títí láé. 2147483647 gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ yóò ṣe ohun kan náà. Bí ẹ bá ti kọ tiyín tán, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1, kí ẹ jẹ́ kó lọ ní ìgbésẹ̀ 10,000. Nọ́ńbà tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ni 1043618065. Bó bá jẹ́ òmíràn, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ìlọ́po ti ń ṣàn kọjá bíìtì 32.